Mo kó ọmọ mi méjì kúrò ní ilé ìwé aládàáni lọ sí ti ìjọba l'Ékòó: ohun tí mo rí lọ́dún kan

Aránṣọ ni mí, ní Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ló ń mówó wọlé fún mi jù. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé báyìí, oorun di ohun tí mò ń jí sùn nídìí máṣíìnì títí wọ́n á fi wọlé lóṣù kẹsàn-án. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ fún ọmọ ilé ìwé ìjọba, àmọ́ ilé ìwé aládàáni ni mo fi ọmọ tèmi sí. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe ni mo ṣe. Ẹni tó ń ta gúgúrú lójú títì pàápàá ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ òun ń lọ sí ti ìjọba.

Lọ́dún tó kọjá ni ilé ìwé wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé owó sáà kan ti di ₦85,000 lórí ọmọ kan. Owó ìwé ò sí níbẹ̀, owó lẹ́sìnnì ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ayẹyẹ ìparí ọdún, níbi tí wọ́n ti máa ń wọ aṣọ ìgboyè fún ọmọ ọdún márùn-ún. (Èmi náà ni mò ń rán aṣọ ìgboyè ọ̀hún, n ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀.) Mo jókòó ti máṣíìnì lóru, mo fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò ẹ̀ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ohun tó jáde ni pé màá rán yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ ilé ìwé ìjọba bí igba lọ́dún kan, kí n tó rí èrè tí màá fi san owó ọmọ mi méjì níbi tí kì í ṣe ti ìjọba. Ẹ̀rín pa mí. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo lọ gba fọ́ọ̀mù.

Màmá kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí tèmi rí ọmọ mi nínú yunifọ́ọ̀mù tuntun, ni wọ́n bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ìyá Bọ́lá, ṣé kò sí o? Ṣé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ bàbá wọn?" Mo ní kò sí nǹkan kan mà, ẹ ṣé mà.

Ó ti pé ọdún kan. Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí mo ti ra aṣọ ọ̀pá ni mo fẹ́ fi sọ ọ́: ohun tí mo san, ohun tí wọ́n gbé fún mi, àti ibi tó ti ya. N ò ní dárúkọ ilé ìwé kankan, èyí tí mo kúrò níbẹ̀ àti àwọn tí mo kó wọn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ mọ ẹnu ọ̀nà tó máa kàn, torí èmi ṣìnà. Ọ̀nà mẹ́fà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pín ilé ìwé girama rẹ̀ sí, Education District ni wọ́n ń pè wọ́n. Tiwa ni ìkíní, Agége ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Agége, Ìfàkọ̀-Ìjàiyè àti Alímọ̀ṣọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn márùn-ún yòókù wà ní Maryland, Falómọ, Sábó ní Yábà, Àgbojú àti Òṣòdì. Àmọ́ ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀, àjọ tí wọ́n ń pè ní LASUBEB ló ń bójú tó ìyẹn. Èmi ò mọ̀. Bọ́lá fẹ́ wọ JSS2, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ wọ Prámárì 4, mo di ìwé àwọn méjèèjì sínú fáìlì kan, ó di Agége. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo ìwé ọmọ kékeré, ó ní, "Mọ́mì, èyí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa o. Ẹ mú un lọ bá ọ̀gá ilé ìwé tó bá sún mọ́ ilé yín." Ọmọ kékeré wọlé lọ́jọ́ kejì, kò gba wákàtí méjì. Ti Bọ́lá ló pẹ́. Ilé ìwé méjì àkọ́kọ́ ní àwọn ò láyè mọ́, ìkẹta ló gbà á.

Kò yà mí lẹ́nu. Alímọ̀ṣọ́ ni èrò pọ̀ sí jù nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ogún tó wà l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n ka ilé ìwé aládàáni jákèjádò ìpínlẹ̀ láàárín 2010 sí 2011, 12,098 ni wọ́n kà. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba kò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ púpọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìgbéraga ló ń kó òbí lọ sí ilé ìwé aládàáni. Ìgbéraga wà níbẹ̀ lóòótọ́, èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá sọ pé a fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà, ibo ni wọ́n fẹ́ kó wa sí?

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Òfin UBE ti ọdún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni láti Prámárì 1 títí dé JSS3, ó sì rí bẹ́ẹ̀: n ò san owó ilé ìwé, kò sẹ́ni tó bi mí. Àmọ́ ọ̀fẹ́ náà ní àwọn ọmọ tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Owó PTA wà, ₦3,000 ní sáà kan. Aṣọ eré ìdárayá wà. Wọ́n ní kí a mú ìgbálẹ̀ méjì wá, àti ìgò Izal kan. Mo ra ìwé ìkọ̀wé, mo ra sáńdàlì dúdú, torí bàtà tí ọmọ mi ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe irú tí wọ́n ń fẹ́. Yunifọ́ọ̀mù, èmi ni mo rán an. Gbogbo rẹ̀ fún ọmọ méjì, lọ́dún kan, kò pé ₦70,000. Níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ₦510,000 ni ǹ bá san, kí n tó ra bírò.

Ohun kan tó kù lórí ìwé tí wọ́n fún Bọ́lá ni "àga kan". Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo pe tísà kíláàsì rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣé àga tí èèyàn ń jókòó lé ni?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, àga oníke. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí i, kí wọ́n má baà gbé e." Mo ra funfun kan ní ọjà Ìyànà Ìpájà. Bọ́lá gbé e lórí lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Túsìdé. Nígbà tó yípo kọ́nà, kò tiẹ̀ dá wà: mo rí àga oníke bíi mẹ́fà lórí àwọn ọmọ mìíràn, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ewé, bíi pé ìnáwó kan ń lọ lọ́wọ́ níbì kan.

Ó di ọjọ́ ìpàdé òbí kí n tó wọ inú kíláàsì rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka nǹkan, ìka mi máa ń kà kí n tó mọ̀. Mo ka orí. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Mo tún un kà láti ẹ̀yìn wá síwájú, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún náà ni. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí ọmọ girama tó wà níwájú tísà kan má ju ogójì lọ. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ mẹ́ta, márùn-ún ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó wà létí, ìdí kan ló fi jókòó. Ẹsẹ̀ kejì tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde sá lọ. Mo wo síkẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin kan tó wà létí báyìí, àyà mi já. Aṣọ náà ti fẹ́lẹ́ ní ìdí, apá ọ̀tún nìkan. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń kó síkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wá fún mi láti lẹ̀, tí apá kan á já, tí èkejì á dúró bíi tuntun. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé aṣọ tí wọ́n ń tà báyìí ò dáa mọ́, kò gún régé. Mo ti bú aláṣọ tó ń tà á fún mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn rí. Aṣọ ò ṣẹ̀. Etí bẹ́ǹṣì ló ń jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń gé síkẹ́ẹ̀tì ọmọ JSS, mo máa ń fi ìtẹ́nú sí ìdí rẹ̀, n ò sì gba owó kún un.

Èmi fúnra mi, ọmọ ilé ìwé Jákáńdè ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ kéré ò ní mọ̀ ọ́n. Àbúrò ìyá mi, tí wọ́n dàgbà ní Muṣin, máa ń sọ fún wa pé sífúùtù ni àwọn ń ṣe: ọmọ àárọ̀ á jáde, ọmọ ọ̀sán á wọlé sórí àga kan náà. Ọmọ ọ̀sán ni wọ́n. Wọ́n ní láti àárọ̀ ni àwọn á ti gbá bọ́ọ̀lù títí ara á fi kú, oorun ni àwọn ń lọ sùn níbi ìṣirò. Lateef Jákáńdè di gómìnà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979, kò sì pẹ́ tó fi fòpin sí sífúùtù. Ó ní kí girama náà di ọ̀fẹ́. Àmọ́ kí sífúùtù tó lè parí, ilé gbọ́dọ̀ wà tí ọmọ ọ̀sán máa jókòó sí láàárọ̀, ló bá ń kọ́ kíláàsì káàkiri: ilé rírẹlẹ̀, gígùn, olówó pọ́ọ́kú. Àwọn tó ń bá a jà ń pè é ní ilé adìyẹ.

Inú ilé adìyẹ yẹn ni mo ti kọ́ A B D. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò dùn ún wò. Bí òjò bá ń rọ̀, tísà á dákẹ́, torí ariwo òrùlé ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹnì kan péré la ń jókòó sórí tábìlì kan, mo sì ń fi ìdí méjèèjì jókòó. Ọ̀kan lára àwọn ilé náà ṣì wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé Bọ́lá báyìí. Wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti pààrọ̀ òrùlé rẹ̀. Ó ṣì ń gba ọmọ.

Jákáńdè lọ lọ́jọ́ ìparí 1983 nígbà tí sójà gbàjọba. Láti ìgbà náà, n ò lè sọ pé ìjọba ò ṣe nǹkan. Àtúnṣe ò dáwọ́ dúró rárá, ìyẹn gan-an ló ń rẹ̀ mí. Nígbà tí Tinúbú ń ṣe gómìnà, ó dá ilé ìwé àwọn ìjọ padà fún wọn, CMS Grammar School tó ti wà láti 1859 wà lára wọn; wọ́n tún ilé ṣe, ó rẹwà, ó sì di ibi tí à ń sanwó ńlá sí. Ọmọ tí kò lówó ní láti wá ibòmíràn gbà. Wọ́n ya girama kan sí méjì, kékeré àti àgbà, puríńsípà méjì, pátákó méjì ní ẹnu géètì kan ṣoṣo. (Ìyẹn fún mi níṣẹ́, nítorí bájì di méjì.) Nígbà Fáṣọlá, ní 2009, Báńkì Àgbáyé yá Èkó ní àádọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là fún girama nìkan, Eko Project ni wọ́n pè é, owó ń lọ tààrà sọ́wọ́ ilé ìwé láti fi ra ohun èlò. Àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nígbà náà ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé àti kẹ́míkà tuntun. Ó dára. Gbogbo wọn ló dára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n oníbàárà ni mí, ohun tí mo rí ni mò ń sọ: wọ́n ń tún ọrùn aṣọ ṣe, wọ́n ń tún ọwọ́ ṣe, ara ló fún ọmọ jù.

Ẹ jẹ́ kí n yìn wọ́n níbi tó yẹ. Tísà.

Níbi tí mo kúrò, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ló ń kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò. Ó ń dúró de JAMB ni. Níbí, tísà ìṣirò Bọ́lá gboyè yunifásítì, ó sì ti pé ọdún méjìdínlógún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Ó pín mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún yẹn sí ìlà mẹ́sàn-án, ìlà kọ̀ọ̀kan ní olórí. Ìbéèrè ìlà kìíní ò jọ ti ìkejì, kí wọ́n má baà jí ara wọn wò. Bí wọ́n bá parí, olórí ìlà á kó ìwé jọ, tísà á máàkì ìwé olórí, olórí á máàkì ti àwọn tó kù, òun á wá fa ìwé mẹ́wàá yọ láàárín wọn láti mọ̀ bóyá olórí ò ṣe ojúsàájú. Kò lo ẹgba. Ohùn rẹ̀ ò ga.

Sáà kìíní parí, èsì dé. Bọ́lá, tó máa ń gba ipò kejì níbi tó wà tẹ́lẹ̀, gba ipò kọkànlélógójì. Mo gbé ìwé náà lọ bá tísà yìí pẹ̀lú ìbínú, mo ti ka ohun tí màá sọ sórí lójú ọ̀nà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ má bínú. Ọmọ yín ò ya ọ̀lẹ. Tábìlì ìlọ́po ló mọ̀ lórin, kò mọ̀ ọ́n lórí. Bí mo bá bi í ní méje lọ́nà mẹ́jọ, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti méje lọ́nà kan." Wọ́n pè é síbẹ̀, wọ́n bi í. Ó bẹ̀rẹ̀ láti méje lọ́nà kan. Ojú tì mí. Èmi tí mò ń wọn aṣọ lójoojúmọ́, mi ò fìgbà kan bi ọmọ mi ní méje lọ́nà mẹ́jọ rí. Mo ń wo ipò kejì lórí ìwé èsì, mo ń sanwó.

Ní sáà kejì, ó gba ipò kọkàndínlógún. Àfi bí sáà kẹta ṣe wọlé tí wọ́n gbé tísà náà lọ sí ilé ìwé mìíràn. A ò gbọ́ tẹ́lẹ̀, ọmọ ló wá sọ fún wa nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn ò fi ní tísà ìṣirò. Mo lọ bá puríńsípà, wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé. Nígbà tó yá, wọ́n fún wọn ní kópà kan. Ọmọ dáadáa ni, ó ń gbìyànjú, àmọ́ láti àga iwájú nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi bá wọn pariwo nígbà tí ọ̀rọ̀ WAEC jáde. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ SS3 tó wà ní ilé ìwé rẹ̀. Ní 2024, ọmọ 58,188 ni wọ́n san án fún, owó náà lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà. Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ fúnra wọn ló sọ ọ́ ní 2025 pé ìdá 45.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí kírẹ́dìtì márùn-ún tó ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nínú. Ìyẹn ni pé àwọn tí kò rí i pọ̀ ju àwọn tó rí i lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹnu oníkálùkù ń sọ tirẹ̀: fóònù ni, TikTok ni, òbí ò ráyè, ọmọ ayé ìsinsìnyí. Èmi mú ṣọ́ọ̀kì. Ogójì ìṣẹ́jú ni píríọ́dù kan. Pín in fún ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Kò kan ìdajì ìṣẹ́jú lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. N ò lè wọn ọmọ kan fún yunifọ́ọ̀mù láàárín àsìkò yẹn, ká má tíì sọ pé kí n kọ́ ọ ní nǹkan.

Ti ọmọ mi kékeré yàtọ̀, inú mi sì dùn síbẹ̀. Láti 2020 ni ìjọba Sanwó-Olú ti gbé ètò EkoEXCEL wọ àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ tísà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí tísà máa sọ, ìgbà tó máa rìn yí kíláàsì ká, ìgbà tí àwọn ọmọ máa pàtẹ́wọ́. Mo lọ wò ó. Àǹtí kan tó sanra díẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òsì, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ó ti ka gbólóhùn kan tán, ó ti ń rìn lọ sẹ́yìn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò ríbi sùn. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ó sọ tísà di rédíò, pé tísà tó mọṣẹ́ kò nílò ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ sí i létí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún tísà tó mọṣẹ́. Níbi tí mo jókòó sí, ohun tí mo rí ni pé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lásìkò, kò sì sẹ́ni tó rán ọmọ lọ ra ẹ̀wà. Ọmọ mi tó máa ń ka ìwé bí ẹni ń ka àdúrà, tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí ìparí rẹ̀, ó ti ń fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ báyìí. Ó ń ka ara pátákó lójú títì fún mi, títí kan èyí tí n ò fẹ́ kó kà.

Ohun mìíràn tí mo jèrè níbẹ̀ láìròtì ni Yorùbá. Níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ₦50 ni ìtanràn ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ọmọ mi ti san án tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo sì gbà á ní ẹgba lórí rẹ̀. Ọlọ́run má ṣe kà á sí mi lọ́rùn. Òfin sì ti wà láti 2018, Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí i, pé kí gbogbo ilé ìwé l'Ékòó máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá, àti ti ìjọba àti aládàáni. Ní ibi tó wà báyìí, wọ́n ń kọ́ wọn ní òǹkà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kó bá mi ka bọ́tìnnì tó kù nínú agolo. Ó kà á, ó ní, "Mọ́mì, mẹ́tàdínlógójì ló kù." Mo dá máṣíìnì dúró. Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní kó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí òun lè mọ iye tó jẹ́.

Ibi tí mo ti yọ máàkì jù ni ilé ìyàgbẹ́. Ní ilé ìwé Bọ́lá, mẹ́rin ni wọ́n kọ́, àgádágodo wà lára mẹ́ta, ọwọ́ tísà kan ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Ọmọ mi ò mu omi láti aago méje àárọ̀ títí yóò fi dé ilé. Mo gbé omi fún un, ó máa ń gbé e padà bọ̀ bó ṣe lọ. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé PTA, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Fún ẹ̀yin ìyá tó ń bi mí ní ti hìjáàbù: kò sí wàhálà mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ lóṣù kẹfà 2022 pé ọmọ lè wọ̀ ọ́ ní ilé ìwé ìjọba l'Ékòó. Àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ bá aránṣọ yín sọ, kó má gùn jù, kó má bo bájì.

Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀ nínú márùn-ún: ilé ìwé ọmọ mi kékeré, mẹ́rin. Ti Bọ́lá, mẹ́ta, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti tísà tí wọ́n gbé lọ. N ò kó wọn padà. Ní August yìí, ìyá mẹ́rin ní àdúgbò ti wá bi mí ní ọ̀nà, màmá tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi wà nínú wọn, ti ọmọ ọmọ wọn ni.

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa wọlé, ẹ ti lọ kó tó di pé àyè tán. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí, èsì sáà tó gbẹ̀yìn, fọ́tò mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì ṣe fọ́tókópì gbogbo rẹ̀ ní méjì-méjì. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì, kí ẹ má gba "ó pọ̀ díẹ̀" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ní ti àga, ẹ má fi máàkà kọ orúkọ sí i, wọ́n ń fi kẹrosíìnì nù ún. Ẹ fi irin gbígbóná kọ ọ́ sí abẹ́ ìjókòó. Ti Bọ́lá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra á kí n tó gbọ́n.